Fóònù Ò Dún Ju Ẹ̀ẹ̀mejì Lọ

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti fẹ́ẹ̀ lù nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀." Yunifásítì kan tí wọ́n ní ó wà l'Amẹ́ríkà ló gbà á wọlé. Ọjọ́ Ajé ló kọ fọ́ọ̀mù, Ọjọ́rú lẹ́tà dé. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní yóò fi gba dìgírì, torí pé ọdún mẹ́rin tó ti lò nídìí iṣẹ́ báǹkì, ẹ̀kọ́ náà ni, àwọn á bá a ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún bá a yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ẹ̀ kúrò, àmọ́ kó yáa san ìyókù kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú.

Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo da fóònù dojú dé orí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo àjà. Sàtífíkéètì yíyẹ̀wò ni mo fi ń jẹun. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà; ìwé tó ti gba abẹ́ ojú mi kọjá, tí wọ́n bá tò ó jọ, á ga jù mí lọ. Ẹni tó ń ta tòmátì ò ní láti là á kó tó mọ èyí tó ti rà nínú. Lẹ́tà yẹn ti rà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí n ó ṣe sọ ọ́ fún un.

Ẹ má pè é lómùgọ̀ o. Ẹni tó bá ní HND lọ́wọ́ ní Nàìjíríà á mọ ohun tí mò ń wí. Upper Credit ló fi jáde ní poli, báǹkì gbà á bí òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, ó sì ti ń wo àwọn tó kọ́ níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀gá lé e lórí, torí pé B.Sc. ni tiwọn. Lọ́dún 2022 tó múra láti padà sí yunifásítì ìjọba, àwọn olùkọ́ ASUU yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú báyìí, tí ẹnìkan bá ṣí fèrèsé fún un, ṣé ẹ ó bi í léèrè pé kí ló dé tó fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé ni?

Nídìí iṣẹ́ wa, oríṣi mẹ́ta ni ìwé-ẹ̀rí tí kò dáa, a kì í sì í kó wọn pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé Olúwọlé. Ọmọ Èkó tó bá ti tó ogójì ọdún mọ Olúwọlé, àdúgbò kan ní erékùṣù Èkó tí wọ́n ti máa ń tẹ ìwé onírúurú jáde bí ẹni ń dín àkàrà. Orúkọ àdúgbò náà ti wá di orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ìwé iléèwé gidi, ọwọ́ ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́. Èkejì là ń pè ní Toronto. Lọ́dún 1999, Salisu Buhari, Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Àwọn akọ̀ròyìn tọpa ọ̀rọ̀ náà dé iléèwé yẹn, wọ́n ní àwọn ò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóyè, ó sì fipò sílẹ̀ nínú oṣù keje. Láti ìgbà náà, tí ẹ bá gbọ́ tẹ́nìkan ní "Toronto ni tiẹ̀", ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ìlú ló ń sọ.

Méjèèjì yìí ò ṣòro láti mú. Kọ̀wé sí iléèwé, kí wọ́n dá ẹ lóhùn pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, ó parí. Ẹ̀kẹta ló ń mú mi làágùn. Níbẹ̀, sàtífíkéètì kì í ṣe ayédèrú rárá. Iléèwé tó kọ orúkọ sórí ẹ̀ ló fún un lóòótọ́, orúkọ ẹni náà sì wà nínú ìwé wọn. Iléèwé gan-an ni gbájúẹ̀. Tí o bá bi wọ́n, wọn ò ní sẹ́. Wọ́n á ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wa ni.

Ọdún 2014 ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìwé náà nípọn bí ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ olówó: òǹtẹ̀ aláwọ̀ góòlù nísàlẹ̀, rìbọ́ọ̀nù pupa lábẹ́ òǹtẹ̀, tí mo bá sì fìka tọ orí orúkọ iléèwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń ta mí lọ́wọ́. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà wọn l'Amẹ́ríkà. Fóònù ò dún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọkùnrin kan tóhùn ẹ̀ dùn bíi ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ló gbé e. Ó ní òun mọ obìnrin náà dáadáa, pé ó ṣe gudugudu méje nínú ìdánwò. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, transcript, ìwé tó to máàkì ẹ̀ sílẹ̀, ti wọlé sínú ímeèlì mi. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ sí fáìlì ẹ̀, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Alẹ́ lọ̀rọ̀ náà tó wá ta sí mi lára. Iléèwé wo ló ń gbé fóònù báyẹn? Ẹni tó bá ti wá transcript rí ní yunifásítì gidi nílẹ̀ yìí ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà. Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sí iléèwé tí mo ti jáde nítorí tèmi. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi òkú. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti dé, iná ló lọ. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó fi í ránṣẹ́, wọ́n sì ṣi orúkọ bàbá mi kọ. Àwọn iléèwé gidi tòkè òkun náà kì í yára bíi ti ọkùnrin yẹn: wọ́n á ní kí ẹni tó ni ìwé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀ òun fún mi, wọ́n á gba owó, wọ́n á dá ọjọ́. Ọkùnrin olóhùn rédíò yìí ò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó dà bíi pé ó ti jókòó ti fóònù láti àárọ̀, èmi ló ń retí.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2015, Declan Walsh kọ ìròyìn kan sínú New York Times nípa iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Axact, ní Karachi, lórílẹ̀-èdè Pakistan. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé tó dé ọwọ́ mi ti wá o, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á ni ohùn ọkùnrin yẹn ń dún létí mi. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúlé ni wọ́n kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ àwọn yunifásítì wọn lórúkọ tó jọ ti gidi: Columbiana, Barkley. Òṣèré ni wọ́n sanwó fún láti ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú fídíò. Àwọn tó ń gbé fóònù ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí aago wọn lè bá ti Amẹ́ríkà mu. Ẹni tó bá ti sanwó tán gan-an ò tíì bọ́: wọ́n tún lè pè é bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló ń pè, pé ìwé ẹ̀ ṣì ku òǹtẹ̀ kan, kó mówó wá. Èyí tó mú mi dìde jókòó ni ti àwọn àjọ tó fọwọ́ sí àwọn yunifásítì yẹn. Axact náà ló dá wọn sílẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Karachi, ó ń jẹ́ ẹ, ó tún ń jẹ́ "àwọn tó mọ̀ wá náà dé". Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n mú ọ̀gá iléeṣẹ́ náà. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kan ní New York rán Umair Hamid, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó kù, lẹ́wọ̀n oṣù 21. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní owó tí iléeṣẹ́ náà rí kó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó mílíọ̀nù 140 dọ́là.

Obìnrin ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ó ti lo ọdún kan nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn, ó sì mọṣẹ́. Mo pè é sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n tàn mí ni, owó alájẹṣẹ́kù ni mo yá san fún wọn." Mo gba ìdajì gbọ́. Wọ́n tàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ òun ní nǹkan kan, ó sì mú un wá fún mi. Ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì àti ẹni tó ń lu jìbìtì lè wọ bàtà kan náà. Iléeṣẹ́ dá a dúró. Ọ̀gá mi ò bèèrè ẹni tó fọwọ́ sí fáìlì ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà ò sọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó wá sílé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó dé tòun ti táì lọ́rùn, mo gbé ẹ̀bà fún un, mo sì sọ ìtàn bí bàbá ẹ̀ ṣe fẹ́ ìyá ẹ̀ fún un. Kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí bàbá ẹ̀ wá tọrọ ìyàwó, ìyá wa àgbà ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn àna. Ó wọ mọ́tò lọ sí ìlú wọn n'Íjẹ̀bú, kò sì dé ilé wọn. Ìdí obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò náà ló jókòó sí. Ó ra ẹ̀kọ mẹ́fà, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bèèrè: ṣé wọ́n kì í lu obìnrin nílé yẹn? Ṣé kò sí gbèsè? Ilẹ̀ ń ṣú lọ kó tó kúrò. Nígbà tó dé, ó ní obìnrin náà ò ní ọmọ tó fẹ́ fi fún wọn, kò sì jẹ wọ́n lówó, nítorí náà òun gba ohun tó sọ.

Mo ní, "Yunifásítì ẹ yìí, ta ni ẹlẹ́kọ tiẹ̀?"

L'Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ kì í fọwọ́ sí yunifásítì. Àwọn àjọ kan ló ń ṣe é, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àti àjọ kan tó ń jẹ́ CHEA ló sì ń sọ èyí tó jẹ́ àjọ gidi nínú wọn. Iléèwé wà, ẹni tó mọ iléèwé wà, ẹni tó mọ ẹni yẹn náà sì wà lókè. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé àárín ni ọ̀pọ̀ wa máa dúró sí. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé àjọ báyìí ló fọwọ́ sí àwọn, irọ́ kọ́. Àjọ náà fọwọ́ sí i lóòótọ́. Àjọ ọ̀hún ni kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà míì wọ́n á ra ẹni ńlá. Tọkọtaya Randock ní Spokane, ìpínlẹ̀ Washington, ta oyè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórúkọ Saint Regis University àti àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n nílò ẹlẹ́rìí, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Làìbéríà lówó ẹ̀yìn kí wọ́n lè máa sọ pé orílẹ̀-èdè odidi ló mọ àwọn. Lọ́dún 2005 ni àwọn agbófinró ya wọlé tọ̀ wọ́n, lọ́dún 2008 ni wọ́n rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

A ṣí sáìtì ti ọmọ yìí lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó dùn-ún wò, ó dùn-ún wò ju ti iléèwé tí mo jáde lọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ìgboyè ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi. Mo fi àwòrán náà wá orí Google: ọmọbìnrin kan náà ń rẹ́rìn-ín lórí sáìtì àwọn oníṣègùn eyín. Mo ní kó bá mi wá orúkọ olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, kò rí. Iye owó ló wà ní gbogbo ojú ewé, kì í sì í ṣe owó táàmù tàbí ti kọ́ọ̀sì kan. Iye odidi dìgírì ni, bí ẹni ń ta fíríìjì. Tí o bá gba B.Sc. àti master's pa pọ̀, wọ́n á dín in fún ẹ.

Ó ní, "Àmọ́, Àǹtí mi, ṣebí edu wà níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, láàárín orúkọ; .com ló parí sí. Ojúlówó .edu gan-an, ọdún 2001 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún kìkì àwọn iléèwé tí àjọ gidi bá fọwọ́ sí, àwọn tó sì ti gbà á ṣáájú ìgbà yẹn ṣì mú un dání. Kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń fi búra.

A wá orúkọ àjọ tó fọwọ́ sí wọn nínú àkọsílẹ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Kò sí. A wá a lọ́dọ̀ CHEA. Kò sí. Mo wá ní kó ṣí sáìtì àjọ náà fúnra ẹ̀. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ fò yọ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwòrán obìnrin kan náà tó kí wa lórí sáìtì yunifásítì ló wà níbẹ̀, ó ń kí wa káàbọ̀. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ó padà sórí sáìtì yunifásítì, ó bi obìnrin inú àpótí pé ta ni yóò kọ́ òun ní accounting. Èsì dé kíákíá: ṣé káàdì ni òun fẹ́ fi sanwó ni, tàbí òun fẹ́ ti báǹkì fi í ránṣẹ́?

Kí ojú lè tú ká díẹ̀, mo sọ ìtàn ológbò fún un. Lọ́dún 2004, àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi orúkọ ológbò kan, Colby Nolan, gba fọ́ọ̀mù ní iléèwé kan tó ń jẹ́ Trinity Southern University. Ológbò gba MBA. Máàkì ẹ̀, 3.5. Lọ́dún 2009, ajá kan tó ń jẹ́ Chester Ludlow gba tiẹ̀ náà ní Rochville University. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti san owó fọ́ọ̀mù." Mo bi í pé èló. Ó dárúkọ ẹ̀, àwo ẹ̀bà ló ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá jà. Open University ti ilẹ̀ Bírítéènì ti wà láti 1969. Tiwa, NOUN, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í ní 1984, Ọbásanjọ́ ló wá jí i padà nígbà tó di ààrẹ alágbádá. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣàṣìṣe lódì kejì rí. Ọmọkùnrin kan mú ìwé wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀ dún bí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rẹ́rìn-ín, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó wò ó dáadáa: iléèwé náà ti wà kí Lugard tó so Nàìjíríà pọ̀, àjọ tó fọwọ́ sí i wà lórí àkọsílẹ̀ ìjọba ketekete. Ọmọ náà ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Orúkọ tí etí ò gbọ́ rí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo yọ̀lẹ.

Mi ò sì lè parí ọ̀rọ̀ yìí kí n fo Kútọnú, lórílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà. Lóṣù kejìlá ọdún 2023, Umar Audu, akọ̀ròyìn Daily Nigerian, kọ bóun ṣe gba dìgírì ní Kútọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tóun sì fi ìwé náà di agùnbánirọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé Benin àti Togo wò dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Tahir Mamman tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà ní ó lé ní 22,700 ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé láti orílẹ̀-èdè méjèèjì, yunifásítì mẹ́jọ péré sì ni wọ́n ní àwọn á gbà: márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Togo.

Fáìlì Kútọnú pọ̀ ní ọ́fíìsì wa. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó kàwé níbẹ̀ ní tòótọ́. Àbúrò ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lo ọdún mẹ́ta gbáko, ó gbọ́ Faransé bí ọmọ Àjàṣẹ́, ó kọ iṣẹ́ ìwádìí tó nípọn bíi Bíbélì. Lónìí, tó bá dárúkọ ibi tó ti kàwé, wọ́n á wo ara wọn lójú. Kútọnú ti fẹ́ di Toronto tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rà á, ẹ̀gbẹ́ tiwa níbodè ló ti ń wá. (Ti àwọn tó ń fowó ra "Dókítà" ọlá, ẹ jẹ́ á gbé e jù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, orí ń fọ́ mi.)

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, ọmọ náà ò sanwó. Wọ́n pè é títí, nọ́ńbà oríṣiríṣi, wọ́n ní àwọn á tún bá a dín in kù, títí tó fi dí gbogbo nọ́ńbà náà pa. Ó ti wá gba fọ́ọ̀mù PGD báyìí, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ní HND náà lè ṣe, nípa ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, ní yunifásítì ìjọba kan tí orúkọ ẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà. A jọ wò ó ni. Wọ́n ní kí poli tó ti jáde fi transcript ẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Lánàá ó pè wọ́n, fóònù dún títí ó fi já. Ó tún pè, ó já. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbé e, ó ní kó ní sùúrù, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ò sí nítòsí. Ó pè mí láti sọ fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù ẹ̀.